Ìbọn Ọdẹ Nínú Àwọn Àwòrán Àtijọ́ ti Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí a bá fẹ́ mọ àwòrán rere yàtọ̀ sí búburú, ojú ẹni tí a yà sínú rẹ̀ ni kí a wò: bóyá ẹ̀rín rẹ̀ jọ ẹ̀rín, bóyá ìbànújẹ́ rẹ̀ jọ ìbànújẹ́. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Ṣùgbọ́n ayàwòrán tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ojú ni àwa yóò kọ́kọ́ wò, nítorí náà ibẹ̀ ni ó ń ná gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sí. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó yà, tàbí ó kàn gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lásán, ohun tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn náà ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Nínú àwòrán àgbẹ̀, ọkọ́ ni. Nínú ti alágbẹ̀dẹ, ẹmú ni. Nínú ti ọdẹ, ìbọn ni.

Ìbọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá jù lọ ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pa ẹyẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú àwọn ìwé ìròyìn wọn àtijọ́. Harper's Weekly bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1857, Scribner's Monthly ní 1870, Forest and Stream ní 1873. Àwòrán ọdẹ kò sì wọ́n nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti gbé sórí kọ̀ǹpútà lónìí, tí olùkọ́ kan ní Iléṣà tàbí ní Ṣakí lè ṣí wọn wò láì san kọ́bọ̀. Irú ènìyàn méjì ni ó sì ń kọ̀wé nípa àwọn àwòrán wọ̀nyí. Àwọn kan jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ ọnà: wọn a kọ ojú ewé mẹ́wàá nípa ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, wọn kì yóò sì sọ nípa ìbọn ju pé ọkùnrin kan gbé e dání lọ. Àwọn kejì jẹ́ olùfẹ́ ìbọn: wọn a tẹjú mọ́ irin kékeré kan, wọn a dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó rọ ọ́ àti ọdún tí a rọ ọ́, wọn a sì pa ìwé dé bí ẹni pé àwòrán náà ti tán. Ẹjọ́ mi ni pé ohun kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń pàdánù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà pàdánù rẹ̀ kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ti ń dá ìbọn mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní abúlé mọ ṣakabùlà: ọ̀pá irin gígùn kan, tí a ń da etù àti ọta sí láti ẹnu, tí a sì ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kì. Irú ìbọn tí a ń kì láti ẹnu bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń lò nígbà kan. Ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọdún 1835, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Lefaucheux mú ìbọn jáde tí ó ń ṣẹ́ ní àárín bí ẹni ṣẹ́ ìrèké, tí a sì ń ti kátíríjì bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n pàtẹ irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1851, níbi Ìpàtẹ Ńlá ti gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn tí ń rọ ìbọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n sì kọ́ ọ. Kátíríjì ti Lefaucheux ní abẹ́rẹ́ kékeré kan tí ó máa ń yọrí sókè lára ìbọn. Bí ayàwòrán bá fi abẹ́rẹ́ méjì bẹ́ẹ̀ hàn lábẹ́ òòlù, a ti mọ irú ìbọn tí ó wà níwájú rẹ̀.

Òòlù ni mo ń pe irin méjì tí ó tẹ̀ kọ́rọ́ lẹ́yìn ọ̀pá irin, èyí tí ọdẹ ń fi àtàǹpàkò fà sẹ́yìn kí ó tó fi ìka fa apátí. Wọ́n dúró ṣánṣán bí etí ajá. Ní 1875, Anson àti Deeley, ní ilé iṣẹ́ Westley Richards ní Birmingham, fi òòlù pamọ́ sínú irin, ìbọn náà sì di aláìletí. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Parker Brothers ní ìlú Meriden, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, kò mú irú rẹ̀ jáde títí ó fi kù díẹ̀ kí ọdún 1890 pé. Àwọn ìbọn Parker ti ìṣáájú ní àmì mìíràn: nísàlẹ̀, níwájú irin tí ó yí apátí ká, irin kékeré kan wà bí bọ́tìnì, tí a ń tì sókè kí ìbọn tó ṣí. Ní 1882 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ìṣíbọn sí orí rẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò ti lè tì í sí ọ̀tún. Bí ìbọn aláìletí kan bá sì ní pẹpẹ irin tí ó tẹ́ mọ́ ara igi ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe Parker. Ó lè jẹ́ L. C. Smith ti ìpínlẹ̀ New York, nítorí ilé iṣẹ́ yẹn kò fi ohun tí ń yìn ín pamọ́ sí ibi kan náà.

Fún ìbọn ẹlẹ́nu kan tí ń gba kátíríjì púpọ̀, ìrísí gbogbo ara rẹ̀ ni kí a wò. Winchester ti 1887, tí John Browning pilẹ̀ rẹ̀, ní irin títẹ̀ ńlá kan lábẹ́ apátí tí a ń já sílẹ̀ kí ó tó lè yọ kátíríjì tí a ti yìn. Winchester ti 1897, iṣẹ́ Browning náà ni. Igi tí ó wà lábẹ́ ọ̀pá irin rẹ̀ ni a ń fà sẹ́yìn tí a sì ń tì síwájú, òòlù rẹ̀ sì hàn gbangba lẹ́yìn. Èyí tí ó tẹ̀lé e ní 1912 kò ní òòlù tí ojú lè rí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dán geere. Lẹ́yìn náà ni ìbọn tí ó ń ki ara rẹ̀, èyí tí Browning gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1900. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga sókè lójijì bí iké, kò sì sí ẹni tí ó rí i lẹ́ẹ̀kan tí yóò gbàgbé rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rí iké náà nínú àwòrán, tí ó sì kígbe pé ìbọn Bẹ́ljíọ́mù ni, ó ti yára jù: ilé iṣẹ́ Fabrique Nationale ní Bẹ́ljíọ́mù rọ ọ́, Remington rọ ọ́ ní Amẹ́ríkà láti 1905, Savage náà sì rọ ọ́ láti 1930. Abuké mẹ́ta, baba kan.

Ẹ kíyèsí irú ẹ̀rí tí ìbọn ń jẹ́. Ó lè sọ fún wa pé àwòrán kan kò lè ṣáájú ọdún báyìí. Kò lè sọ fún wa pé àwòrán náà kò pẹ́ jù ú lọ. Ìyá àgbà lè ró aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ síbi ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Winchester ti 1897 tí mo dárúkọ yẹn, ọdún 1957 ni wọ́n tó dáwọ́ rírọ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá fi àwòrán kan hàn yín, tí ó wí pé nítorí ìbọn inú rẹ̀, ọdún 1900 ni a yà á, ẹ bi í léèrè ohun mìíràn tí ó rí: bàtà, fìlà, kẹ̀kẹ́, ojú ọ̀nà.

Àwọn kan rò pé fọ́tò kò lè purọ́, pé ọwọ́ ayàwòrán nìkan ni ó lè ṣì. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ayé àtijọ́, wọ́n a máa ya fọ́tò sí ara irin pẹlẹbẹ, àwòrán tí ó bá sì jáde lára irin náà gan-an ni wọ́n ń fún oníbàárà, láìsí pé a tún un tẹ̀ sórí ìwé. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dà bí dígí: ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀daràn kan tí wọ́n ń pè ní Billy the Kid ya irú rẹ̀ kan ní nǹkan bí 1880, ní New Mexico. Nítorí pé ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí òsì nínú fọ́tò náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń tan ìtàn kálẹ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni, tí wọ́n tilẹ̀ ṣe fíìmù kan ní 1958 tí wọ́n fún ní orúkọ náà. Ìbọn gígùn tí ó gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó já wọn. Winchester ti 1873 ni, kì í ṣe ìbọn ẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà ti kátíríjì sínú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, nínú fọ́tò ó sì wà ní òsì. Irin kékeré kan tí kò tó ìka ni ó tú ìtàn gbogbo ayé palẹ̀. Bákan náà ni Winchester ti 1897: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kátíríjì tí a ti yìn ń gbà jáde. Bí ẹ bá rí ihò náà ní òsì, fọ́tò náà ti yí padà, tàbí kí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ti gbé e bolẹ̀.

Ẹ má sì ṣe gbà pé ẹni tí ó mú ìbọn nínú fọ́tò ni ó ni ín. Àwọn tí ń ya fọ́tò a máa fi ìbọn àti idà sí ilé iṣẹ́ wọn láti yá oníbàárà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ayàwòrán tiwa ti máa ń yá ènìyàn ní aago ọwọ́ àti rédíò. Àwọ̀ pẹ̀lú ń tàn wá jẹ. Gíláàsì ìyàwòrán ti ìgbà náà ń rí búlúù bí funfun, ó sì ń rí pupa bí dúdú. Nítorí náà igi ìbọn tí ó pupa rẹ́súrẹ́sú yóò dúdú bí èédú, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fi àwọ̀ igi dá irú rẹ̀ mọ̀ ń kọ́lé sórí iyanrìn.

Ní ti àwòrán inú ìwé ìròyìn, ọwọ́ tí ó wà láàárín ayàwòrán àti àwa ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí Harper's Weekly wà ní ògo rẹ̀, ara igi líle ni wọ́n ń fín àwòrán sí. Bí àwòrán bá tóbi, ègé igi púpọ̀ ni wọ́n ń so pọ̀ mọ́ra. Wọn a tú wọn, wọn a pín wọn fún àwọn afíngi, oníkálùkù yóò fín tirẹ̀, wọn a sì tún dè wọ́n pọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà náà pé igi ìbọn jẹ́ iṣẹ́ ẹnìkan, kí ẹnu ìbọn sì jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí kò sí èyí tí ó ti yìnbọn rí nínú wọn. Mo ti rí ìbọn nínú àwọn ìwé wọ̀nyí tí kò ní apátí, àti èyí tí òòlù rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn. Kò yẹ kí a di irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ ru ayàwòrán kí a tó mọ ẹni tí ó gbẹ́ igi náà.

Òdìkejì èyí ni àwọn kàlẹ́ńdà àti àwọn ojú ewé ìpolówó tí àwọn ilé iṣẹ́ ìbọn àti ti kátíríjì ń san owó fún. Níbẹ̀, kò sí àṣìṣe. Gbogbo ìdè, gbogbo ọnà fínfín, gbogbo òòlù ni ó pé; ìbọn náà yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí wa bí ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó, kí a lè rí i dáadáa. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ti ka ohun tí mo kọ sókè yìí lè dá a mọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdẹ náà! Ìbọn rẹ̀ kò wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ kò kan bàtà rẹ̀, ẹyẹ kò sì sí níbi tí ó ń wò. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a rò: àwòrán tí a fi ń rọrùn jù láti mọ ìbọn ni ó sábà máa ń burú jù ní àwòrán. Ìbọn inú rẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe. Ó wà fún títà.

Arthur Burdett Frost yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí. Philadelphia ni a bí i sí ní 1851, ó sì jẹ́ ọdẹ fúnra rẹ̀. Ní 1895 ilé ìtẹ̀wé Scribner mú àwòrán ọdẹ rẹ̀ méjìlá jáde pẹ̀lú orúkọ náà Shooting Pictures. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin yìí kò lè rí àwọ̀ yékéyéké bí ènìyàn yòókù. Dúdú àti funfun ni agbára rẹ̀ wà. Ohun tí mo yìn lára rẹ̀ ni pé ìbọn ní ìwúwo nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ènìyàn tí ó ti rìn láti òwúrọ̀ kì í gbé ìbọn bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé, Frost sì mọ èjìká ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó kọ̀ láti yí ìbọn sí wa. Bí ọdẹ bá yí ẹ̀yìn, ìbọn yí ẹ̀yìn. A ń pàdánù orúkọ ilé iṣẹ́ nípa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ń rí ọdẹ. (Àwọn ọmọ ilé-ìwé lè fẹ́ mọ̀ pé ní ọdún 1895 kan náà ni Frost ya Ehoro àti àwọn ẹranko yòókù fún ìwé Uncle Remus, èyí tí Joel Chandler Harris kó jọ láti inú ìtàn àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí Ìjàpá ṣe lẹ̀ mọ́ ère tí a fi àtè kùn kì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tí ìtàn Ehoro àti ère ọ̀dà ti wá.)

Winslow Homer lọ jìnnà ju Frost lọ. Harper's Weekly ni ó ti kọ́ bí a ti ń yà fún ìwé ìròyìn, láti 1857, kí ó tó di ayàwòrán ọlọ́dà tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ní 1909, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, ó parí àwòrán kan tí ó wà ní ilé àkójọ àwòrán ti ìjọba ní Washington báyìí. Right and Left ni orúkọ rẹ̀, èyí ni Ọ̀tún àti Òsì. Pẹ́pẹ́yẹ omi méjì ni ó kún ojú rẹ̀, lókè ìgbì òkun: ọ̀kan ń ṣubú lọ pẹ̀lú orí nísàlẹ̀, èkejì ṣì wà ní òfurufú. Níbo ni ìbọn wà? Ní ọ̀nà jíjìn réré, nínú ọkọ̀ kékeré kan tí ìgbì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò, iná pupa kan kọ mànà, èéfín sì ń gòkè. Ìyẹn náà ni gbogbo ìbọn tí Homer fún wa. Òòlù kò sí, apátí kò sí, igi kò sí.

Olùfẹ́ ìbọn yóò ní kò sí ohun tí a lè dá mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún orúkọ àwòrán náà kà. Ọ̀tún àti òsì ni àwọn ọdẹ elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é nígbà tí ènìyàn bá fi ẹnu ìbọn kan pa ẹyẹ kan, tí ó sì fi ẹnu kejì pa òmíràn láìtún ìbọn kì. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni. Ní 1909, Winchester ti 1897 ti wà lọ́jà fún ọdún méjìlá, ìbọn abuké tí ń ki ara rẹ̀ sì ti wà pẹ̀lú. Orúkọ àwòrán náà ni ó yọ àwọn wọ̀nyẹn kúrò. Ó tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu méjì ni ìbọn náà ní, ẹyẹ méjì ni ó wà, kò sì sí kátíríjì kẹta. Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Ibi tí Homer gbé wa dúró sí gan-an nìyẹn, láàárín àwọn ẹyẹ, pẹ̀lú ẹnu ìbọn ní iwájú wa. Ẹni tí a kọ ìbọn sí kì í bèèrè ilé iṣẹ́ tí ó rọ ọ́. Mo gbà pé kò sí àwòrán ọdẹ mìíràn ní ilẹ̀ náà tí ó mọ ìbọn tó èyí tí a kò ti rí ìbọn.

Ó wá ku Thomas Eakins, ẹni tí ó mú mi kọ àròkọ yìí. Ará Philadelphia ni òun náà, a bí i ní 1844, ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Gérôme ní Paris, ó sì padà sílé ní 1870. Òun àti baba rẹ̀ a máa lọ pa ẹyẹ nínú àbàtà ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí ibà ti kọlù ú ní 1873 tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹyẹ àbàtà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rail ni wọ́n ń lépa. Ìgbà tí omi òkun bá kún nìkan ni ọkọ̀ lè wọ inú koríko gíga tí ẹyẹ yìí ń sá pamọ́ sí. Ènìyàn méjì ni ó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan dúró pẹ̀lú ìbọn, èkejì dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, ó ń fi í ti ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ẹ̀gùn ti ń ṣe lórí ọ̀sà. Ẹni tí ó mú ọ̀pá náà ni ó ń wo ibi tí ẹyẹ ṣubú sí, nítorí bí ó bá ti wọ inú koríko, ẹni tí kò ṣọ́ ọ kò ní rí i mọ́. Wọ́n ń pè é ní pusher, èyí ni atìkọ̀, ó sì sábà jẹ́ ènìyàn dúdú.

Eakins ya ọdẹ yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 1874 ó ya Pushing for Rail, tí ó wà ní ilé Metropolitan ní New York. Ní 1876 ó ya èyí tí ó wà ní Yunifásítì Yale. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tí ó wọ ẹ̀wù pupa dúró nínú ọkọ̀, ó gbé ìbọn lé èjìká, ó ti fẹ́ yìn ín. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin dúdú kan gbé ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó sì dì í mú gírígírí.

Bí a bá fi ọgbọ́n olùfẹ́ ìbọn wo àwòrán yìí, ọdún rẹ̀ kò fi wá sínú iyèméjì. Kò lè jẹ́ ìbọn Winchester tí a ń fà, nítorí ọdún 21 ṣì wà kí ó tó dé. Kò lè jẹ́ Parker aláìletí. Èyí dára, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀síwájú kúrò lára irin, kí a béèrè bí ìbọn náà ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí ó wà yìí. Ọkọ̀ náà kékeré, ó sì fúyẹ́. Ẹni tí ó dúró nínú rẹ̀ kò ní ohun kan tí yóò fi ara tì. Bí ọkọ̀ bá mì nígbà tí ó ń fa apátí, ọta rẹ̀ yóò lọ sí ojú ọ̀run; bí ìbọn bá sì ti í sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ kò dúró, inú omi ni yóò bọ́ sí. Ọwọ́ tí ó mú ọ̀pá ni ó mú ọkọ̀ dúró. Eakins, tí ó mọ ìṣirò, tí ó sì mọ egungun àti iṣan ara ènìyàn ju ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò ya ọkùnrin ẹlẹ́yìn yìí bí ẹrù inú ọkọ̀. Ó yà á ní àkókò tí agbára rẹ̀ pé jù, nígbà tí kò mira rárá. Ọwọ́ mẹ́rin ni ó ń yin ìbọn náà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé iṣẹ́ ọnà máa ń yin ẹ̀wù pupa náà, bí ó ti ń fa ojú wá sí àárín àwòrán. Òótọ́ ni, ó ń fà á. Ṣùgbọ́n ní oṣù July 1881, Scribner's Monthly gbé àròkọ kan jáde nípa irú àbàtà bẹ́ẹ̀, A Day in the Ma'sh, wọ́n sì fi iṣẹ́ Eakins sí i. Ó tún àwòrán ti 1876 yà fún wọn ní dúdú àti funfun, nítorí ìwé ìròyìn náà kò lè tẹ àwọ̀. Pupa ti lọ. Nínú ojú ewé yẹn, tí ó kéré tí kò sì ní ọ̀ṣọ́ bí ti Yale, àwọn ọkùnrin méjèèjì dọ́gba lójú ẹni tí ń wò wọ́n, ọ̀pá sì lágbára bí ìbọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé ìròyìn ń ba iṣẹ́ ayàwòrán jẹ́. Ní ọ̀nà yìí, mo rò pé ó fi ohun kan hàn tí ọ̀dà bò mọ́lẹ̀. Nínú àròkọ kan náà ni wọ́n tún ti tẹ àwòrán atìkọ̀ kan ní òun nìkan, láìsí oníbọn.

Èmi kì yóò fi èyí sọ pé Eakins kò mọ ènìyàn dúdú bí kò ṣe ẹni tí ń ti ọkọ̀ fún ẹlòmíràn. Ní 1874 kan náà ni ó fi ọ̀dà olómi ya Whistling for Plover, tí ó wà ní ilé Brooklyn. Ọkùnrin dúdú kan wà ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó ti lóṣòó, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń súfèé pe ẹyẹ. Ẹyẹ tí ó ti pa wà nílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Kò sí ọ̀gá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olùfẹ́ ìbọn lè wo òòlù ìbọn yìí pẹ̀lú, kò burú; ṣùgbọ́n bí ó bá dúró níbẹ̀, kò tíì dá ìbọn náà mọ̀. Ní 1865, ọdún tí oko ẹrú parí, ìpínlẹ̀ Mississippi ṣe òfin pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìsí ìwé àṣẹ pàtàkì. New Jersey kì í ṣe Mississippi, òfin náà kò sì dé ibẹ̀. Síbẹ̀ ilẹ̀ kan náà ni, ọdún mẹ́sàn-án péré sì ni ó wà láàárín òfin náà àti àwòrán yìí. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò rí i pé ìbọn ẹyẹ ní ọwọ́ ọkùnrin yìí kì í ṣe ohun tí ayàwòrán kàn fi sí i lọ́wọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣófo. Ó mú un bí ohun ìní, ó sì fi sùúrù mú un.

Ìdí nìyí tí mo fi wí pé ohun kan náà ni ọ̀mọ̀wé iṣẹ́ ọnà àti olùfẹ́ ìbọn ń pàdánù. Ọ̀mọ̀wé kò wo ìbọn, nítorí náà kò mọ̀ pé ẹni tí ó mú ọ̀pá ń yìnbọn pẹ̀lú. Olùfẹ́ ìbọn wo ìbọn, ṣùgbọ́n ó dúró níbi tí irin parí sí. Bí ó bá ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ kúrò lára igi ìbọn lọ sí èjìká, kúrò ní èjìká lọ sí ẹsẹ̀, kúrò ní ẹsẹ̀ lọ sí pákó ọkọ̀, ọ̀pá ni ì bá kàn, ọwọ́ ènìyàn ni ì bá sì bá lórí ọ̀pá.

Orúkọ tí wọ́n ń pe àwòrán ti 1876 náà ní Yale ni Will Schuster and Blackman Going Shooting: Will Schuster àti ọkùnrin dúdú ń lọ sí ọdẹ. A mọ orúkọ ẹni tí ó wọ ẹ̀wù pupa, àti ti baba rẹ̀. Wọ́n tún ní orúkọ kejì fún un, Rail Shooting, nínú èyí tí ẹyẹ ní orúkọ.